Ọjọ́ Ọwọ́ àti Ọjọ́ Ẹnu Bàbá Yín

Issaba, ọjọ́ kejì ọjà Pobè

Anicet ọmọ mi, Àkànbí ọmọ Ògúnṣínà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ìyàwó rẹ kú ìtọ́jú ilé, mo kí àwọn ọmọ kú ẹ̀kọ́. Ṣé ẹ jí ire ní Lyon níbẹ̀? Ṣé ẹ ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì gbígbẹ yẹn náà ni? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní aṣọ nígbà ọyẹ́ yóò máa ṣọ́ yín. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà jáde, òun náà ni ẹ ó gbà wọlé. Owó tí o bá rí kò ní í bá ẹ̀fúùfù lọ. O kò ní í fi ojú sunkún ọmọ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Èmi ìyá rẹ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o. N kò pe Prudence ọmọ Flavienne kí ó wá bá mi kọ ọ́ bíi ti àtijọ́, nígbà tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí yóò kọ mẹ́ta, tí yóò ní ìyókù kò wúlò. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń jókòó ní kíláàsì àgbà tí Olùkọ́ Arlette ń ṣe fún wa lábẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́. Nígbà ìdánwò tó kọjá, nínú obìnrin méjìlélógún àti ọkùnrin mẹ́rin tí ojú ń tì tí wọ́n ń jókòó sẹ́yìn, èmi ni mo ṣe ipò kejì. Ẹni tó ṣe ipò kìíní ti lọ ilé ẹ̀kọ́ rí ní kékeré kí wọ́n tó gbé e níyàwó, nítorí náà a kò kà á mọ́ wa. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní.

Prudence ní tí mo bá kọ ọ́ tán, òun yóò ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, òun yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ọ nínú tẹlifóònù. Mo bi í pé báwo ni ìwé yóò ṣe dé Lyon kí ó sì tún wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Mo ní kí ó ṣáà rọra ṣe é, kí àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ má baà já sínú òkun lọ́nà, nítorí mo jìyà lórí wọn. Tí o bá rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, òkun ló mú un, kì í ṣe èmi.

Nílé, gbogbo nǹkan ń lọ. Òjò tètè dé, àgbàdo ti ga ju Prudence lọ. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan jọ Èṣùbíyìí àbúrò bàbá yín ní irùngbọ̀n, n kò sì tíì rí ẹni tó lè sọ fún un. Aṣọ òtútù tí o fi ránṣẹ́ dé, a dúpẹ́ gidigidi. Ìyá ewúrẹ́ náà ló ń sùn lórí rẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀dá mìíràn ní Issaba tó lè fara da ooru rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò rèé. Láti bí ọdún méjì ni o ti ń sọ pé tí o bá pè wá, o ń gbọ́ èmi ketekete, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e fún bàbá yín, atẹ́gùn nìkan lò ń gbọ́. O ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àwa náà gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, nítorí ẹni tó wà ní Lyon ló yẹ kí ó mọ̀. Kí ni a kò ṣe? A gun òkìtì ọ̀gán ẹ̀yìn ilé. A pààrọ̀ káàdì inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi okùn so tẹlifóònù mọ́ ẹ̀ka igi, bàbá yín dúró nísàlẹ̀ ó gbójú sókè bí ẹni tó ń bá ológbò ṣẹjọ́, ìwọ náà ní atẹ́gùn ṣì ni. Mo ra ike aláwọ̀ ewé kan wọ̀ ọ́, nítorí mo rò pé bóyá òtútù ló mú un.

Nígbà tó yá mo ní kí a gbé e lọ sí Sakété, sọ́dọ̀ Taofik. Taofik yìí ni ọmọkùnrin tó ń fẹ́ Chancelle sọ́nà, àkọ́bí Flavienne àbúrò rẹ, tó dàgbà lọ́dọ̀ wa. Ó ń tún tẹlifóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Mùsùlùmí oníṣòwò gàrí ni wọ́n nílé wọn, àgbẹ̀ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni àwa, ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ ìkíni. Tó bá dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ a kan ilẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ba díẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú tẹlifóònù wa, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dì í padà. Ó wá fi tirẹ̀ pe tiwa, ó sì lọ dúró ní ìkángun ọjà lọ́hùn-ún. Mo sọ̀rọ̀, ó gbọ́. Chancelle sọ̀rọ̀, ó gbọ́. Bàbá yín sọ̀rọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó padà wá, ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ó wá ní kí màmá má bínú o, kò sí àìsàn kankan lára tẹlifóònù, bàbá ló yẹ kí a tún ṣe.

Mo wo bàbá yín, bàbá yín wò mí. Anicet, inú ilé kan náà la jọ ń gbé, n kò mọ̀! Ohùn rẹ̀ ń dínkù díẹ̀díẹ̀, èmi náà ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí a fi di ẹni tó ń jókòó sórí ẹní kan ṣoṣo, etí mi lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, mo rò pé ìfẹ́ àgbà ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe múra ó di Kútọnu, èmi, bàbá yín àti Flavienne, lọ́dọ̀ dókítà obìnrin tí àwọn ará Lyon kọ̀wé sí pé kí ó máa bá wa wo ohun tí wọ́n fi sí i lára. N kò gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, má rò pé mo gbàgbé. Ọdún kẹjọ rèé tí o mú un lọ sọ́dọ̀ rẹ, tí wọ́n lu ihò méjì sí i lórí, tí wọ́n ki wáyà tín-ín-rín bíi fọ́nrán ìwọ̀ ẹja bọ inú ọpọlọ rẹ̀, tí wọ́n fà á gba abẹ́ awọ ọrùn wá síbi àpótí kékeré tó ń ṣe iná lábẹ́ awọ àyà, nítorí àrùn gbígbọ̀n tí wọ́n ń pè ní Pakínsónì. Kí ó tó lọ, ọbẹ̀ tó ń jẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tó padà dé, ó bu omi fún mi mu ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀kán kan kò kán sílẹ̀, mo jó níwájú àwọn sójà. Ẹni tó bá sọ pé ohun tí o ṣe kò dára, Ọlọ́run yóò dá a lóhùn.

Ní lọ́pítà, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ bóyá bàbá ń mu sìgá, wọ́n béèrè bóyá ó ń mu ọtí. Mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ó ń mu ún níwọ̀nba, pé ẹni tó ń dé ìdí ìgò ni àbúrò rẹ̀. Ó ní àyè kò sí fún àbúrò. Mo ní nígbà náà fọ́ọ̀mù wọn kò pé.

Dókítà gbé ẹ̀rọ kan lé bàbá yín láyà, ó ń wo àwọn nọ́ńbà. Mo wá rí i pé ó tó àkókò kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Àwòrán bátìrì tó wà lójú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ tí ẹ fún wa ti ń fi hàn láti ìgbà ọyẹ́ pé bátìrì àyà bàbá yín ti ń lọ sílẹ̀. Mo sì ṣe ohun tí gbogbo ọlọ́gbọ́n ń ṣe sí bátìrì rédíò tó bá ń kú lọ: mo sá a sóòrùn. Láràárọ̀ ni mo ń gbé àpótí ìjókòó síta, tí mo ń tú bọ́tìnnì aṣọ bàbá yín, tí mo ń kọjú àyà rẹ̀ sí ìlà oòrùn. Tí apá kan bá gbóná, mo ń yí i padà bí ẹni ń sá gbaguda, kí ó lè gbẹ dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ṣe é. Àwọn ará ilé Valentin aládùúgbò wa ń béèrè iye tí mo ń tà á. Nígbà tí dókítà gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́, ó tún lọ pe dókítà méjì mìíràn wá kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wá ní oòrùn kò lè fún bátìrì yẹn lóúnjẹ. Ó ní ó kù bí ọdún kan kí bátìrì náà tó kú, tí àkókò bá tó, wọn yóò la àyà díẹ̀, wọn yóò fi òmíràn síbẹ̀, wọn kò ní í fọwọ́ kan orí mọ́. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pa iná náà rárá láti fi ṣọ́ bátìrì lò. N kò sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gan-an ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àga sún mọ́ wa. Ó ní iná tí wọ́n fi sí bàbá lórí kò pa àrùn náà, ó kàn ń di ọwọ́ rẹ̀ mú ni. Àrùn náà ṣì ń rìn lọ ní ọ̀nà tirẹ̀, ó ti dé ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí bàbá yín fi ń ṣubú tó bá fẹ́ yípo. Ó ní èyí tó kan ẹnu, iná gan-an lọ́wọ́ sí i. Lọ́dọọdún tí wọ́n ń fi kún iná kí ọwọ́ má baà gbọ̀n, iná ń kún, ó ń ta sí ibi tó ń darí ahọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn ń bomi rin ata tí omi ń ṣàn wọ oko ẹlòmíràn. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti fi í sí lára fún ọdún pípẹ́ ló ń rí i bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan, kì í sì í ṣe èpè. Mo dúpẹ́ pé ó sọ ti èpè yẹn, nítorí mo ti ní ẹni tí mo ń fura sí.

Ohun tó ṣe fún wa ni pé ó la ọ̀nà méjì sínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀nà A, iná yóò lágbára: ọwọ́ yóò dúró jẹ́ẹ́, ẹnu yóò pa rọ́rọ́. Ọ̀nà B, iná yóò rọlẹ̀: ẹnu yóò là, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n. Mo bi í pé ọ̀nà C ńkọ́, èyí tí yóò ní méjèèjì. Ó mi orí. Ó ní òun ti wá a, kò sí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa gbé ẹ̀rọ kékeré yẹn lé bàbá yín láyà tí n ó sì tẹ ọ̀kan nínú méjèèjì, nítorí bàbá yín kò mọ ìwé. Mo ní A àti B nìkan kọ́ ni mo mọ̀, mo ka orúkọ rẹ̀ lára aṣọ funfun rẹ̀ fún un pẹ̀lú. Ó pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ní ọjọ́ ọwọ́ àti ọjọ́ ẹnu nílé wa. Ní ọjọ́ ọwọ́, bàbá yín ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń gé iṣu rẹ̀, ó ń ṣa èso ọ̀pẹ bí ìgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọ̀pẹ ní Pobè. Ọjọ́ ẹnu àkọ́kọ́, hẹ̀n, jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ọ̀rọ̀ ọdún méjì ló ti kó jọ sínú. Kí a tó jẹun àárọ̀ ó ti sọ pé ọbẹ̀ tí mo sè nígbà tí wọ́n ṣí ilé Flavienne kò níyọ̀. Ó ní Valentin gba àdá òun kò dá a padà. Ó ní tí mo bá ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì mo ń hanrun, gbogbo ìjọ ló mọ̀, èmi nìkan ni n kò mọ̀. Ó bá ewúrẹ́ wí. Àwọn aládùúgbò ń wọlé wá kí ohùn náà kú àbọ̀, ẹni tó bá wọlé ó ní ẹ̀sùn tirẹ̀ tó ń dúró dè é. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, ọwọ́ mi ti wà níbi kókó ìró mi, níbi tí mo di ẹ̀rọ náà sí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, ó pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní Àwẹ̀ró.

Anicet, ìwọ ń pè mí ní Ìyá, àwọn ọmọ ọmọ ń pè mí ní Ìyá Àgbà, ní kíláàsì Màmá Ògúnṣínà ni wọ́n ń pè mí. Gbogbo àwọn tó ń pè mí ní Àwẹ̀ró ti lọ sílé ìsinmi, ó ku ẹnì kan. Ọdún méjì sì ni ẹni náà kò lè pè é kí ó dé ìdí àdògán. Mo sọ ọmọrí odó kalẹ̀. Mo wá dáhùn pé kí ló dé, ṣé iyọ̀ ló tún kù.

Láti ìgbà náà, tó bá jẹ́ tèmi, ojoojúmọ́ ni ìbá jẹ́ ọjọ́ ẹnu. Bàbá yín ní ọwọ́ ló wu òun. Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìdána Chancelle ló sì da epo sí i.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Tí a bá fẹ́ fa ọmọbìnrin lé ọkọ lọ́wọ́, àgbà ilé ni yóò bu omi tútù sínú igbá, yóò gbé e dání fúnra rẹ̀, yóò wúre lé e lórí ní ohùn òkè kí ilé méjèèjì lè ṣe àmín, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì gbé e fún ọkọ àti ìyàwó. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń ṣiṣẹ́. Àwọn baba ńlá wa kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ènìyàn yóò ní láti mú ọ̀kan, kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Flavienne ní kí Èṣùbíyìí bá a wúre. Ojú tí bàbá yín fi wò ó, ó lọ wá iṣẹ́ ṣe ní ilé ìdáná. A kì í wúre dípò ẹni tó ń mí.

Mo ní ẹnu ni kí ó mú. Mo ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, mo ní ìwúre tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ta ni yóò ṣe àmín sí i? Ó ní ọwọ́ ni. Ó ní kí n rántí òkú ìyá ọkọ Flavienne ní Pobè, ṣáájú kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, nígbà tó da ẹmu sí àna wa lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ sín in jẹ káàkiri àgbàlá. Ó ní òun ti búra lọ́jọ́ náà pé òun kò tún ní í da nǹkan sílẹ̀ níwájú àna mọ́ láyé òun. Ó ní ọwọ́, ó parí. Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ kọ́ ni gbígbà.

Wò ó, ohun tí n ó kọ báyìí, n kò tíì sọ ọ́ fún fadá. Ní ọjọ́ ìdána, nígbà tí àwọn ará Sakété ti jókòó, obìnrin wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìborùn funfun, ọkùnrin wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi ni mo ń bá bàbá yín tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe nínú yàrá. Ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ mi lábẹ́ ìborùn. Mo ṣe bí ẹni ń nu eruku láyà rẹ̀. Mo tẹ B.

Ó jáde, ó bu omi, ó gbé igbá sókè. Kò tó ìṣẹ́jú, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú igbá. Bàbá yín wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá wò mí. Láàárín gbogbo èrò yẹn, èmi nìkan ló wò. Mo wolẹ̀. Omi ń ta sí i láṣọ, ó ń ta sórí ẹní, mo gbọ́ tí ọmọdé kan rẹ́rìn-ín tí ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Mo rò pé yóò gbé igbá sílẹ̀ ni, yóò sì wọlé. N kì bá dá a lẹ́bi.

Kò gbé e sílẹ̀. Ó la ẹnu. Ohùn tó jáde, Anicet, àwọn oní-zémíjàn ojú ọ̀nà ya ọ̀kadà wọn wá wò. Ó ní omi kì í bínú ẹja, kí ilé yìí má bínú ilé yẹn. Ó ní ibi tí omi bá gbà kọjá ni koríko ti ń tutù, ibi tí àwọn méjèèjì bá gbà kọjá kí ó tutù. Àwọn mùsùlùmí ń ṣe àmín, àwọn ará ilé wa ń ṣe àṣẹ, omi ń dà. Nígbà tó kù bí ìdajì, Chancelle dìde lórí orúnkún rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí igbá fún bàbá ìyá rẹ̀, Taofik náà ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ abẹ́ ti Chancelle. Ọwọ́ mẹ́fà ló gbé igbá náà dé òpin ìwúre. Wọ́n mu èyí tó kù, ó sì tó wọn. Ìyá Taofik ń sunkún. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò rí ìwúre tó fọ ẹni tó ń wú u bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ń kí mi. Mo rò pé mo borí.

Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá yín kò fi bá mi sọ̀rọ̀, ọjọ́ ẹnu sì ni méjèèjì. Ẹnu wà, ohùn wà, ọ̀rọ̀ ni kò sí. Mo gún iyán, mo se ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́, kò sọ pé iyọ̀ kò tó. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ní ọjọ́ kẹta ó ní kí n jókòó. Kò pariwo. Ó ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ó bi mí pé nínú àwa méjèèjì, ta ni wọ́n lu ihò sí lórí? Ó ní ìwúre dára, àna yọ̀, òun náà yọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó yẹ kí òun mú un, kí òun sì ru ìtìjú rẹ̀ tàbí iyì rẹ̀. Ó ní ní ti báyìí, bí ìgbà tí mo tan òun bíi rédíò ni.

Ìwọ mọ̀ mí, òwe kì í tán lẹ́nu mi. Mo wá a, n kò rí ẹyọ kan. Mo tú kókó ìró mi, mo gbé ẹ̀rọ náà lé e lọ́wọ́. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n kà. Mo mú èédú, mo kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná. Mo ní A rí bí igi òrùlé méjì tí a fi ọ̀pá dè láàárín, B rí bí obìnrin olóyún tí ọmú rẹ̀ kún. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo rí i bó tilẹ̀ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, ó ti mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ, n ó sọ fún Olùkọ́ Arlette. Mo rán àpò kan sínú aṣọ rẹ̀ fún ẹ̀rọ náà.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó tẹ A. Ó fá irùngbọ̀n, ó lọ ṣa èso ọ̀pẹ rẹ̀, ilé pa rọ́rọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin bẹ́ẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé ẹni tó ni ẹrù ló mọ ibi tí yóò gbé e kà. Ọjọ́ karùn-ún, ó jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, ó fọ àwo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀kán kan kò dà. Èmi ń lọ ata. Mo bá gbọ́ Àwẹ̀ró. Mo yíjú padà. Ó jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n lórí orúnkún bí ewé ìrẹsì. Òun ló tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Kò sì ní ohun pàtàkì kankan láti sọ, ó kàn ní ṣé mo rò pé òjò yóò rọ̀ ni. Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́, tó bá ti jẹun tán tí kò fẹ́ fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan mọ́, ó ń tẹ B.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o bá wa ṣe nìyí. Fi owó ránṣẹ́ fún bátìrì tuntun kí èyí tó wà níbẹ̀ tó kú. Flavienne yóò sọ iye rẹ̀ fún ọ, n kò fẹ́ kọ ọ́ kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n. Fi owó ọkọ̀ Kútọnu kún un, àti ti awò ojú fún mi, lẹ́tà inú ìwé kíláàsì ọdún yìí kéré bí èèrà. Tí o bá ń bá dókítà sọ̀rọ̀, sọ fún un pé ọ̀nà méjèèjì ni kí wọ́n fi síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá bàbá yín mú ọ̀kan. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Má fi aṣọ òtútù ránṣẹ́ mọ́, ewúrẹ́ ti ní.

Ọlọ́run yóò fi ọ̀nà rẹ hàn ọ́. Ohun tí o fi ọwọ́ rẹ ṣe fún bàbá rẹ, ọmọ rẹ yóò ṣe é fún ọ, ṣùgbọ́n o kò ní í ṣàìsàn kí ó tó ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní í kọ. A ó fi ojú rí ara wa nínú ayọ̀. Àmín.

Mo gbọdọ̀ dúró níbí. Oòrùn ti rẹlẹ̀, ó ti fọ àwo rẹ̀, ó sì ti ń pè mí láti ìta. Mo gbọ́ ọ dáadáa. N kò tíì fẹ́ dáhùn, jẹ́ kí ó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi ni ìyá rẹ.